Ẹ̀tù àti Ọta: Ìtàn Ìbọn Ọdẹ ní Ilẹ̀ Yewa

Ọ̀rọ̀ ìbọn ni a fẹ́ sọ lónìí, kì í sì í ṣe ìbọn nìkan, ohun tí a ń ki sínú rẹ̀ gan-an ni. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun?" Ìyẹn ni pé ìbọn tí kò lè dún pàápàá a máa ba ènìyàn lẹ́rù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọdẹ kan ní Ìlaró tàbí ní Ayétòrò léèrè, yóò sọ fún yín pé ọ̀yà kò gbọ́ òwe yẹn rí. Bí ẹ̀tù kò bá sí nínú ìbọn, igi lásán ni ọdẹ gbé kọ́ èjìká, ọ̀yà yóò sì jẹ àgbàdo náà tán lójú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí à ń sọ. Ilẹ̀ Yewa ni ilẹ̀ tí ó wà láàárín Abẹ́òkúta àti ààlà orílẹ̀-èdè Benin, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹ̀gbádò ni a ń pe àwọn ènìyàn ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1995 ni wọ́n yí orúkọ náà padà sí Yewa, èyí tí í ṣe orúkọ odò wọn. Ní ìhà Ìlaró, igbó ni ó pọ̀. Bí a bá ti ń gòkè lọ sí Ayétòrò, koríko àti igi a bẹ̀rẹ̀ sí í dàpọ̀, ọ̀dàn a sì là gbalaja. Iṣẹ́ oko ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ ń ṣe: iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́, àti kòkó àti obì níbi tí igbó bá gbé dára.

Níbi tí oko bá wà, àwọn ẹranko tí ń ba oko jẹ́ kì í jìnnà. Ọ̀yà ni olórí wọn. Ọ̀yà kì í jẹ gbogbo ohun tí ó bá gé. Ó lè gé àgbàdo lulẹ̀ lọ bí ẹni tí ń fi àdá ṣán oko, kí ó jẹ díẹ̀ níbẹ̀, kí ó sì fi ìyókù sílẹ̀ kí ó rà. Túùkú a máa hú iṣu àti ẹ̀gẹ́ láti inú ebè. Ọ̀bọ a máa wá ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ a máa gun kòkó, àparò a sì máa wá irúgbìn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn kàn nínú ilẹ̀. Àgbẹ̀ ní pàkúté, ó ní ẹbìtì, ó ní ajá, ó sì lè fi igi sọ ọgbà yí oko ká. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, ọdẹ ni yóò ránṣẹ́ pè. Nítorí náà ẹ má ṣe rò pé ẹran tí ọdẹ ń gbé wálé nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Olùṣọ́ oko ni ọdẹ í ṣe, oúnjẹ ìlú sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ju bí ará ọjà ti mọ̀ lọ.

Irú ìbọn wo ni ọdẹ yìí ń lò? Èyí tí ó pẹ́ lọ́wọ́ wọn jù lọ ni ṣakabùlà. Ẹnu ni a ti ń ki ṣakabùlà. Ọdẹ yóò da ẹ̀tù sí i láti ẹnu, yóò fi ìháhá ẹyìn tàbí àkísà gbígbẹ tẹ̀lé e, yóò sì fi ọ̀pá gígùn kan gún un kí ó lè le dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ọta yóò wọlé, àti àkísà mìíràn tí kì yóò jẹ́ kí ọta náà yọ́ dànù bí ọdẹ bá da ẹnu ìbọn kọ ilẹ̀. Ẹ̀tù díẹ̀ tún wà tí a ń bù sínú àwo kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ ìbọn. Bí a bá fa apátí, òkúta ìbọn yóò ha irin, iná yóò ta, ẹ̀tù inú àwo yóò gbà á, yóò sì mú un wọ inú lọ bá ẹ̀tù ńlá. Nígbà náà ni ìbọn yóò tó dún.

Ẹ rí i pé ọwọ́ tí ó ki ìbọn ni ó ń pa ẹran. Bí ẹ̀tù bá kéré, ọta yóò já sílẹ̀ kí ó tó dé ibi tí ọ̀yà wà. Bí ó bá pọ̀ jù, ìbọn lè bẹ́ mọ́ ọdẹ lójú. Bí òjò bá pa àwo, ìbọn kì yóò dún rárá. Ọta ọ̀yà sì yàtọ̀ sí ọta túùkú: wẹ́wẹ́ ni a ń fẹ́ fún ọ̀yà àti àparò, kí ó lè fọ́n ká, ńlá ni a ń fẹ́ fún túùkú, kí ó lè wọ ara. Gbogbo èyí, ọdẹ ni yóò mọ̀ ọ́n, òun ni yóò sì wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó ti dì í sílẹ̀ fún un. Àti pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Bí ó bá tàsé, kí ó tó ki òmíràn tán, ọ̀yà ti kọjá odò. Ìdí nìyí tí ọdẹ ayé àtijọ́ fi ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní sùúrù kí ó tó kọ́ ọ ní ìbọn.

Wàyí o, níbo ni nǹkan wọ̀nyí ti ń wá? Ọta kò ṣòro. Alágbẹ̀dẹ lè gé irin wẹ́wẹ́, ó lè fọ́ ìkòkò irin tí ó ti bàjẹ́, ọdẹ yóò sì fi ṣe ọta. Alágbẹ̀dẹ náà ni ó ń tún apátí tí ó bá kọṣẹ́ ṣe. Ọmọ Ògún ni, irin kò ṣòro fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀tù ńkọ́? Láyé ọjọ́un, inú àgbá ni ẹ̀tù ti ń gba orí òkun wá. Ìbọn pàápàá, ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ará Liège ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Orúkọ àwọn ará Denmark ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pè é, nítorí pé àwọn ará Denmark wà lára àwọn tí ń tà á ní etí òkun wa. Wọ́n ní odi ní Àkrà títí di ọdún 1850, nígbà tí wọ́n ta àwọn odi wọn fún Gẹ̀ẹ́sì.

Òkúta ìbọn náà ńkọ́? Ìlú kékeré kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní Brandon. Iṣẹ́ àwọn kan níbẹ̀ ni láti máa fọ́ irú òkúta yìí, kí wọ́n sì gé e ní ìwọ̀n tí yóò bá ẹnu apátí mu. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti pa ìbọn olókùúta tì tipẹ́tipẹ́, àwọn ará Brandon ṣì ń fọ́ òkúta náà, títí ọdún 1900 fi kọjá lọ dáadáa. Àwọn ọdẹ ilẹ̀ Áfíríkà sì wà lára àwọn tí ń rà á. Ẹ wo bí ayé ti so pọ̀ tó: kí àgbẹ̀ kan tó lè gba àgbàdo rẹ̀ lẹ́nu ọ̀yà ní Ayétòrò, ọkùnrin kan ti jókòó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń fọ́ òkúta.

Nítorí náà, alágbẹ̀dẹ kò lè dá gbogbo rẹ̀ ṣe. Ìbọn lè wà nílé, kí ọta wà, kí ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n ki wà. Bí ọ̀nà òkun bá dí, gbogbo rẹ̀ dí. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó gbé ìtàn ilẹ̀ Yewa ró fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, nítorí pé ojú ọ̀nà òkun gan-an ni ilẹ̀ náà wà.

Kí Ọ̀yọ́ tó fọ́, ọ̀nà tí Aláàfin ń gbà dé etí òkun gba ilẹ̀ yìí kọjá lọ sí Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì. Ní òpin ọdún 1825, Òyìnbó arìnrìn-àjò kan, Hugh Clapperton, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ó sì gba ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, ó gba Ìjànà kọjá, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Aláàfin ní Ọ̀yọ́ Ilé. Ẹṣin, ọ̀kọ̀ àti ọfà ni agbára Ọ̀yọ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ìbọn ti ń wọlé bọ̀. Nígbà ogun Òwu, ní nǹkan bí ọdún 1820, àwọn Ìjẹ̀bú tí ó sún mọ́ òkun ti ní ìbọn lọ́wọ́, idà àti àdá ni àwọn Òwu sì gbójú lé. Láti ìgbà náà lọ, ẹni tí ó bá sún mọ́ òkun ni ó sún mọ́ ẹ̀tù, ẹni tí ó bá sì jìnnà sí i gbọ́dọ̀ bẹ ẹlòmíràn kí ó tó rí i rà.

Ní ìwọ̀-oòrùn, ìjọba kan wà tí kò ní láti bẹ ẹnikẹ́ni. Dàhòmì ni. Wọ́n ti gba Wídà, ìlú etí òkun, láti ọdún 1727. Ìbọn àti ẹ̀tù ń tọ̀ wọ́n wá níbẹ̀ tààrà, ẹrú tí wọ́n sì kó lójú ogun ni wọ́n fi ń san owó rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀tù ń mú ẹrú wá, ẹrú ń mú ẹ̀tù wá. Ní ọdún 1848, ogun Dàhòmì kó Òkè-Ọ̀dàn. Ní ọdún 1862, wọ́n pa Ìṣàgà run. Ní ọdún 1886, Kétu, ìlú ọba tí ó lórúkọ láàárín àwọn ọmọ Odùduwà, bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n sì sọ ọ́ di ahoro.

Ta ni ó máa ń kọ́kọ́ dìde sí ọ̀tá nínú àwọn ìlú kéékèèké? Àwọn ọdẹ ni. Ìbọn tí a fi ń lé ọ̀yà lóko náà ni a ń gbé lọ sí ẹnu odi ìlú. Ẹ rò ó wò ná: ọkùnrin kan ní ẹ̀tù tí yóò tó o lò ní oko títí oṣù yóò fi parí, ó wá di dandan kí ó yìn ín tán ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kò sì mọ ibi tí òmíràn yóò ti wá. Abẹ́òkúta dúró nígbà tí Dàhòmì gbógun tì í ní ọdún 1851, ó tún dúró ní ọdún 1864. Odi rẹ̀ gùn, ènìyàn rẹ̀ pọ̀, ọ̀nà rẹ̀ sí etí òkun sì ń mú ẹ̀tù wọlé. Ìlú kékeré kò ní èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tù yìí kan náà ni ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ogun Kírìjì. Ní ọdún 1877, Àrẹ Látòóṣà, olórí Ìbàdàn, rán àwọn ènìyàn lọ sí Àjàṣẹ́ láti ra ìbọn àti ẹ̀tù, nítorí pé ọwọ́ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ni ọ̀nà Èkó wà. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, àwọn Ẹ̀gbá kọlù wọ́n lọ́nà. Ìbàdàn gbé ogun ti Ẹ̀gbá. Kò sì pẹ́ tí àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, tí ìyà àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ti sú, fi rí àyè dìde. Wọ́n jà títí di ọdún 1886 kí wọ́n tó tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà, àwọn ọmọ ogun kò sì tú ibùdó wọn ká àfi ní ọdún 1893. Orúkọ tí a fún ogun náà, ariwo ìbọn ni.

Inú ogun Kírìjì yìí ni ohun tuntun ti wọlé. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ń gbé Èkó fi ìbọn kan ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé. Snider ni orúkọ rẹ̀. Ìdí ni a ti ń ki í, kì í ṣe ẹnu. Ẹ̀tù rẹ̀, ọta rẹ̀ àti ohun tí ń ta iná sí i wà pọ̀ nínú apó kékeré kan tí a ti dì láti ilé iṣẹ́. Kátíríìjì ni a ń pe irú apó bẹ́ẹ̀. A ó tì í bọ ìdí ìbọn, a ó pa á dé, a ó yìn ín. Kò sí àwo ẹ̀tù tí òjò yóò pa. Kí oníṣakabùlà tó ki ìbọn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tí ó ní Snider lè ti yìn ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ kíyè sí i dáadáa. Ohun tí ó wà nínú kátíríìjì kò yàtọ̀ sí ohun tí ọdẹ Ìlaró ti ń ki sínú ṣakabùlà tipẹ́: ẹ̀tù ni, ọta ni, iná ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹlòmíràn ni ó dì í. Bí ọta oníṣakabùlà bá tán, yóò lọ bá alágbẹ̀dẹ. Bí ẹ̀tù rẹ̀ bá tán, yóò yá díẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò. Bí kátíríìjì ẹni tí ó ní Snider bá tán, àfi kí ó dúró de ọkọ̀ ojú omi.

Ṣé ènìyàn kò wá lè di kátíríìjì fúnra rẹ̀ ni? Ó lè ṣe é. Bí a bá yìn ọta jáde, apó idẹ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ẹni tí ó bá ní irin-iṣẹ́ lè tún un dì, kí ó sì tún un lò. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1870 sí 1880, àwọn ọdẹ tí ń pa ẹfọ̀n ilẹ̀ wọn ní ọ̀dàn ńlá a máa jókòó ní àgọ́ ní alẹ́ láti tún kátíríìjì wọn dì, nítorí pé ilé ìtajà jìnnà sí wọn. Títí di òní, àwọn ọdẹ kan níbẹ̀ ń ṣe é nílé wọn, òfin ibẹ̀ sì gbà wọ́n láyè. Ìbọn tí wọ́n ń dì í fún ni èyí tí wọ́n fi ń yìn àwọn ẹranko kéékèèké tí ń gbẹ́ ihò káàkiri pápá ẹran ọ̀sìn tí wọ́n sì ń jẹ ohun ọ̀gbìn. Wọn a máa wọn ẹ̀tù lórí òṣùwọ̀n kékeré bí ẹni tí ń wọn wúrà, kí gbogbo ọta lè máa lọ bákan náà. Bí ẹ bá fi ọdẹ bẹ́ẹ̀ àti ọdẹ Ayétòrò jókòó pọ̀, èdè nìkan ni yóò yà wọ́n. Oko ni àwọn méjèèjì ń ṣọ́, àwọn méjèèjì ni ó sì mọ̀ pé ẹ̀tù kò fẹ́ àfojúdi.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ọwọ́ ènìyàn dúdú kò lè di kátíríìjì. Ní ilẹ̀ tí ó wà ní Guinea àti Côte d'Ivoire lónìí, Samori Touré bá Faransé jà láti nǹkan bí ọdún 1882 títí wọ́n fi mú un ní ọdún 1898. Àwọn alágbẹ̀dẹ rẹ̀ tú ìbọn tí Faransé ń lò palẹ̀, wọ́n wo bí a ti ṣe é, wọ́n sì rọ irú rẹ̀. Wọ́n tún ń ṣe kátíríìjì fún un. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí náà kò lè tó èyí tí ẹ̀rọ ilẹ̀ Faransé ń tú jáde. Àìtó ni ó ṣe wọ́n, kì í ṣe àìmọ̀.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ó dé tí ọdẹ ilẹ̀ Yewa fi ń ki ìbọn rẹ̀ láti ẹnu síbẹ̀, nígbà tí gbogbo ayé ti ń lo kátíríìjì? Ibi yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí jù lọ.

Ní ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún 1890, àwọn aṣojú ọ̀pọ̀ ìjọba tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn kan ní Brussels, olú-ìlú Bẹ́ljíọ̀mù. Wọ́n ní òwò ẹrú ni àwọn fẹ́ pa rẹ́. Bí ẹ bá ṣí ìwé àwòrán ilẹ̀ ayé, ẹ ó rí àwọn ilà tí a fà káàkiri rẹ̀. Wọ́n mú ìlà ogún ní àríwá àti ìlà kejìlélógún ní gúúsù, wọ́n ní kí a má ṣe jẹ́ kí ìbọn ìgbàlódé àti kátíríìjì rẹ̀ máa wọ ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà láàárín ìlà méjèèjì, àfi ní ọ̀nà tí ìjọba bá fọwọ́ sí. Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá bọ́ sáàárín. Ṣùgbọ́n ìbọn olókùúta tí inú rẹ̀ dán, tí kò ní ìlà tí ń yí ọta, àti ẹ̀tù lásán, wọ́n ní ìjọba lè jẹ́ kí a máa tà wọ́n fún ará ìlú. Ìwé yìí wà lára ìdí tí ṣakabùlà fi kù sí ọwọ́ àgbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí a dá ẹjọ́ yìí bí ó ti tọ́. Ẹni tí ó bá bọ́ lọ́wọ́ Dàhòmì ní Òkè-Ọ̀dàn tàbí ní Kétu kì yóò sọ pé kò sí ìdí láti dín ìbọn kù ní ilẹ̀ yìí. Ìbọn ni a fi kó àwọn ará rẹ̀ lẹ́rú. Bí wọ́n bá ka ìwé Brussels fún un, ó ṣeé ṣe kí ó ṣe àmín. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé náà kò dín ti ara wọn kù. Ní ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti fa ààlà láàárín ara wọn, ààlà tí ó fi Kétu sí apá kan, tí ó sì fi àwọn ìbátan rẹ̀ sí apá kejì. Ní ọdún 1891, Ìlaró bọ́ sábẹ́ ààbò Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n pẹ̀lú ìbọn Maxim tí ń yìn ara rẹ̀ léraléra. Ní ọdún yẹn kan náà, Faransé gòkè lọ sí Dàhòmì. Ọba Béhanzin ti ra ìbọn ìgbàlódé lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Jámánì ní Wídà, ṣùgbọ́n nígbà tí Faransé gba etí òkun, ọ̀nà ọta tuntun dí. Ní ọdún 1894, ó jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Dàhòmì tí ó ti fi ẹ̀tù jẹ gàba lé àwọn aládùúgbò rẹ̀ lórí wá rí i bí ó ti ń rí lára ẹni tí ọ̀nà ẹ̀tù dí mọ́.

Ogun parí. Àwọn tí ogun Dàhòmì ti fọ́n ká bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ padà. Orúkọ Ayétòrò fúnra rẹ̀ ń sọ ìtàn náà fún wa: ayé tòrò, ayé rọlẹ̀, ènìyàn lè sùn kí ó sì jí sórí ibùsùn rẹ̀. Ìbọn padà sí oko, níbi tí ọ̀yà ti ń dúró dè é.

Àwọn nǹkan kan yí padà lẹ́yìn ìgbà náà. Fìlà bàbà kékeré tí ń ta iná gba ipò òkúta lára àwọn ìbọn kan. Ìbọn olójú méjì tí ń jẹ kátíríìjì dé ọwọ́ àwọn ọdẹ tí ó bá lówó. Ní ọdún 1959, Nàìjíríà ṣe òfin ìbọn tí a ṣì ń lò. Òfin náà pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Irú ìbọn tí sójà ń lò wà nínú ti àkọ́kọ́, tí a kà léèwọ̀ fún ará ìlú. Ìbọn kátíríìjì àwọn ọdẹ wà nínú ti kejì. Ṣakabùlà, ìbọn olókùúta àti ìbọn onífìlà sì wà nínú ti kẹta. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ènìyàn gbọ́dọ̀ ní láìgba ìwé àṣẹ. Òfin náà kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni jókòó sílé kí ó máa ṣe kátíríìjì. Nítorí náà, ohun tí mo sọ nípa àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà, ìmọ̀ ni kí ẹ fi ṣe, kì í ṣe àwòkọ́ṣe.

Síbẹ̀ ṣakabùlà kò parẹ́. Kátíríìjì kọ̀ọ̀kan ń ná ọdẹ lówó, bí ó bá sì yìn ín tí ó tàsé, owó ọjà ti lọ nìyẹn. Ṣakabùlà lè jẹ irin tí alágbẹ̀dẹ gé. Ọta wẹ́wẹ́ rẹ̀ kì í lọ jìnnà, èyí sì dára ní oko tí àwọn ènìyàn ń ṣiṣẹ́ káàkiri, nítorí ọ̀yà kì í gbé ọ̀ọ́kán. Inú koríko ni ó ń sá sí.

Nígbà mìíràn ẹ ó gbọ́ kí àwọn ọ̀dọ́ ìlú ńlá máa fi ṣakabùlà ṣe yẹ̀yẹ́, pé ìbọn ara oko ni, pé àwọn baba wa kò mọ èyí tí ó dára jù ú lọ ni wọ́n fi ń lò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ìtàn yìí, ẹ mọ èsì tí ẹ ó fún wọn. Ní nǹkan bí ọdún 1880, ìbọn kátíríìjì ti ń dún ní Kírìjì. Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n, wọ́n rà á, wọ́n fi jà. Àwọn alágbẹ̀dẹ Samori rọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni ìwé kan jáde láti Brussels. Kí á tó sọ pé ènìyàn kan kò mọ nǹkan, ó yẹ kí á kọ́kọ́ wádìí bóyá ẹnì kan ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ohun kan ṣoṣo ni ó kù tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ọmọdé. Bí bàbá yín tàbí bàbá àgbà bá ní ìbọn nílé, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án, bí wọ́n tilẹ̀ sọ fún yín pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ṣakabùlà tí a ti kì sílẹ̀ láti àná kò ní àmì lójú. Ẹni tí ó kì í nìkan ni ó mọ̀. Ẹ má sì ṣe gbé iná dé ibi tí ẹ̀tù bá wà, ìbáà ṣe fìtílà, ìbáà ṣe ìṣáná. Ẹ̀tù kì í mọ ọmọ onílé yàtọ̀ sí ọ̀yà.

Ṣùgbọ́n ẹ lè béèrè ìtàn lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ọdẹ bá dé láti oko ní òwúrọ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kí i pé ẹ kú oko, ẹ kú ewu. Bí ó bá ti sinmi, ẹ bi í pé ta ni ó kọ́ ọ ní kíki ìbọn, níbo ni baba rẹ̀ ti ń ra ẹ̀tù nígbà náà, ọ̀nà wo ni ó sì gbà wọlé. Ẹ kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé yín pẹ̀lú orúkọ àwọn ìlú tí ó bá dá, kí ẹ sì wá wọn lórí àwòrán ilẹ̀ ní ilé-ìwé. Ẹ ó rí i pé púpọ̀ nínú àwọn ìlú náà wà lórí ọ̀nà òkun tí a ti ń sọ láti àárọ̀ ọ̀rọ̀ wa yìí.